Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ Méjì Láti Inú Yẹ̀pẹ̀ Pupa: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ ní Ìgbèríko Ìjẹ̀bú

Iṣẹ́ náà jẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì tó so kọ́ra, fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan láàárín Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú yàrá kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 6. Ògiri nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 29, ó sì ga ní mítà 2.7 láti ilẹ̀ yàrá dé abẹ́ àmùrè kọnkéré, ìyẹn kọnkéré tó yí orí gbogbo ògiri ká. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn kan (mítà 1.2 sí 2.1) àti fèrèsé márùn-ún (mítà 1.8 sí 1.2), méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ojú ògiri tó kù láti mọ jẹ́ skúéà mítà 113.

Ìṣirò sìmẹ́ńtì ló ṣáájú ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí a bá ti fi yẹ̀pẹ̀ pupa ṣe búlọ́ọ̀kù, owó sìmẹ́ńtì ti rọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ ọlọ́wọ́ ń yọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29 sí 14 sí 9. Tí a bá dá a dùbúlẹ̀ kí gígùn rẹ̀ kọjá láti inú ògiri sí òde, 67 ló ń wọ skúéà mítà kan. Gbogbo ògiri yóò gba nǹkan bí 7,600, kí a fi ti èyí tó máa fọ́ kún un, ó di 8,000. Tí a bá po gbogbo rẹ̀ ní òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 sí yẹ̀pẹ̀ 16, àpò sìmẹ́ńtì kan yóò mú nǹkan bí 90 jáde. Àpò 89 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni búlọ́ọ̀kù oníyanrìn ti 9 íǹṣì, mẹ́wàá péré ló ń wọ skúéà mítà kan. Bí àpò kan bá mú 30 jáde, àpò 38 ti tó fún ògiri kan náà. Ilé yẹ̀pẹ̀ tó jẹ sìmẹ́ńtì ní ìlọ́po méjì ilé búlọ́ọ̀kù kò ran abúlé kankan lọ́wọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí sìmẹ́ńtì lọ sí ibi tí omi ń dé, kí ibi tí òrùlé ń dáàbò bò sì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ lásán tí a tẹ̀ dáadáa. Òjò ò bẹ́ni kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 80 dé ìsàlẹ̀ fèrèsé, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ni a fi búlọ́ọ̀kù alásìmẹ́ńtì mọ: 3,200 lápapọ̀, àpò 36. Búlọ́ọ̀kù 4,800 tó kù kò ní sìmẹ́ńtì rárá. Àpò 36 àti 38 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù oníyanrìn yóò tún gba àpò 20 ó lé fún rírẹ́ tinú-tòde, yóò gba tìpà iyanrìn láti ọ̀nà jíjìn, yóò sì gbóná ju ògiri yẹ̀pẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 29 lọ ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà.

Kò sí ohun tuntun nínú ìgbẹ́kẹ̀lé yẹ̀pẹ̀ yìí. Eredò Sùngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160, inú yẹ̀pẹ̀ pupa yìí náà ni wọ́n wà á sí, ó sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tó ṣubú ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, ẹsẹ̀ ògiri ni òjò kọ́kọ́ jẹ, tàbí kí páànù jò láti òkè wá. Àárín ògiri kì í sábà ní ẹ̀sùn.

Yẹ̀pẹ̀

Sẹ̀ǹtímítà 50 àkọ́kọ́, yẹ̀pẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀, la kó sọ́tọ̀ fún oko ilé ìwé. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ la fẹ́. Kòtò ṣáláńgá tuntun àti kòtò ìpìlẹ̀ ló pèsè apá kan, a gbẹ́ ìyókù lẹ́bàá wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kúbíìkì mítà 40 kí a tó tú u. Yẹ̀pẹ̀ eérú ti àkùrọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ó máa ń là bó bá ti ń gbẹ. Ti orí òkè tí yangí kún inú rẹ̀ dára, bí a bá jọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò méjì kò ṣeé fò. Èkíní, ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò: yẹ̀pẹ̀ dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, omi dé ọrùn, iyọ̀ díẹ̀, kí a mì í kíkankíkan, kí a gbé e kalẹ̀. Iyanrìn á jókòó láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀tù tó kúnná á tẹ̀ lé e láàárín ààbọ̀ wákàtí, amọ̀ ló máa jókòó kẹ́yìn, nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kejì. Kí a wọn ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú rúlà. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 60 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún, amọ̀ láàárín 15 sí 25.

Èkejì ló ń sọ iye sìmẹ́ńtì. Kan àpótí pákó tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 4, tó jìn ní 4. Fi epo pa inú rẹ̀. Po yẹ̀pẹ̀ tó ti la asẹ́ kọjá pẹ̀lú omi títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí láìfi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀, sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ti gbẹ, ti gbogbo rẹ̀ sí ìkángun kan, kí o wọn àlàfo tó ṣẹ́ kù ní ìkángun kejì. Bí kò bá ju mìlímítà 12 lọ, sìmẹ́ńtì 1 sí yẹ̀pẹ̀ 18. Láti 12 sí 25, 1 sí 16. Láti 25 sí 38, 1 sí 14. Láti 38 sí 50, 1 sí 12. Bó bá ju 50 lọ, amọ̀ ti pọ̀ jù. Iyanrìn ni kí a fi kún un, kí a sì tún un wọ̀n, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Yẹ̀pẹ̀ iṣẹ́ yìí sún kì ní mìlímítà 20, ìdí nìyẹn tí a fi lo 1 sí 16.

Títẹ̀ búlọ́ọ̀kù

Ẹ̀rọ tí a lò jẹ́ irú èyí tí Raúl Ramírez ṣe ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí wọ́n ń pè ní Cinva-Ram: àpótí irin kan, ọ̀pá gígùn kan tí ènìyàn méjì ń fà. Alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ lè ṣe é. Nigerian Building and Road Research Institute, ilé ìwádìí ìjọba lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti pẹ́ nídìí irú búlọ́ọ̀kù yìí, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tiwọn. Ènìyàn márùn-ún lórí ẹ̀rọ kan lè tẹ 300 sí 500 lójúmọ́.

Asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5 la fi jọ yẹ̀pẹ̀. Òṣùwọ̀n wa ni bọ́kẹ́ẹ̀tì páǹtì 20 lítà, nítorí pé ó wà níbi gbogbo. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bí 35 lítà, yóò sì gba bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ̀pẹ̀ 28. Ṣùgbọ́n ìdajì àpò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì 14 ni a ń pò lẹ́ẹ̀kan. Sìmẹ́ńtì tí omi ti kàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: gbogbo àpò kan yóò mú 90 jáde, kí a tó tẹ èyí tó gbẹ̀yìn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, búlọ́ọ̀kù tó bá ti inú rẹ̀ jáde yóò sì máa rún lọ́wọ́ bí bísíkíìtì. Pò ó ní gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi jẹ́ ọ̀kan, kí o tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a lu ìdí rẹ̀ wọ́n omi sí i.

Láti mọ̀ bóyá omi tó, ṣù ẹ̀kúnwọ́ kan róbótó, jẹ́ kó bọ́ láti èjìká sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó dára. Bó bá tú ká di ìyẹ̀fun, omi kò tó. Bó bá kàn tẹ́ pẹẹrẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí a bá po òmíràn ni a ń ṣe é, nítorí yẹ̀pẹ̀ tó sùn síta lálẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ti yá oòrùn.

Àbùkù tó ń yọjú, àti ohun tó ń fà á: igun tó ń rẹ̀ dànù, yẹ̀pẹ̀ gbẹ jù tàbí kò kún àpótí. Ikùn tó yọ síta, omi pọ̀ jù. Ìlà tó là gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́, a tú ọ̀pá ẹ̀rọ lójijì, tàbí amọ̀ pọ̀ jù. Búlọ́ọ̀kù kan ga, èkejì kúrú, kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó fún yẹ̀pẹ̀ tó ń wọ inú ẹ̀rọ. Agolo kan náà ni kí a máa lò, kí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn gbogbo ogún búlọ́ọ̀kù, ẹnì kan fi rúlà wọn gíga. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 9.2 lọ, a dín yẹ̀pẹ̀ kù.

Àwọn alásìmẹ́ńtì wà lábẹ́ tapólínì fún ọjọ́ méje, a ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n wá tún dúró lábẹ́ ibòji títí ọjọ́ 28 fi pé. Inú ọyẹ́ la tẹ̀ wọ́n, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń fa omi kúrò lára búlọ́ọ̀kù kíákíá. Èyí tí a kò bá bò dáadáa á là láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn tí kò ní sìmẹ́ńtì kò fẹ́ omi. Ibòji àti àkókò ni wọ́n fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Kí a má to búlọ́ọ̀kù tútù ju márùn-ún lọ síra.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: gbé alásìmẹ́ńtì kan kọjá lórí méjì tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí àgbàlagbà kan dúró láàárín rẹ̀. Ri òmíràn sínú omi fún wákàtí 24. Èyí tó bá ṣẹ́ tàbí tó rọ̀, a kò mọ gbogbo èyí tí a tẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.

Ìpìlẹ̀ àti ògiri

Kòtò ìpìlẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn ní 70. Kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 15 wà nísàlẹ̀, òkúta àti àwókù búlọ́ọ̀kù láti ara yàrá àtijọ́ tí ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ wà lókè rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dì mọ́ra pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, ó yọ ní sẹ̀ǹtímítà 45 sórí ilẹ̀. Kí a má dín 45 yìí kù nítorí owó. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń já sílẹ̀ máa ń ta padà sára ògiri, ibi gíga yẹn gan-an ló ń ta dé. Láílọ́ọ̀nù tó nípọn wà lórí ìpìlẹ̀ yí gbogbo ilé ká kí omi ilẹ̀ má bàa gun ògiri.

Àpòpọ̀ tó ń so búlọ́ọ̀kù pọ̀ kò gbọdọ̀ le ju búlọ́ọ̀kù lọ. Lára ìlà alásìmẹ́ńtì, yẹ̀pẹ̀ kan náà pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ni. Lókè, yẹ̀pẹ̀ àti omi nìkan. Bíríkìlà tó bá ti mọ́ iṣẹ́ oníyanrìn lára máa ń fẹ́ po iyanrìn àti sìmẹ́ńtì líle sáàárín. Ẹ má gbà fún un: ibi tó so pọ̀ yóò dúró, búlọ́ọ̀kù ni yóò là. Búlọ́ọ̀kù alásìmẹ́ńtì, kí a tẹ̀ ẹ́ bọ omi díẹ̀ kí a tó mọ ọ́n. Tòkè, búrọ́ọ̀ṣì tútù ti tó. Ìlà mẹ́fà lójúmọ́ ni òpin fún apá òkè, kí ìwúwo rẹ̀ má bàa fún èyí tó tutù nísàlẹ̀ jáde.

Àfọ́kù táìlì tí wọ́n ń dà nù nílé ìtajà ní Ìjẹ̀bú-Òde la fi bo ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó dà sí òde díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Kọnkéré orí fèrèsé jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 30 sórí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lórí gbogbo ògiri ni àmùrè kọnkéré wà: sẹ̀ǹtímítà 29 ní fífẹ̀, 15 ní gíga, rọ́ọ̀dù mìlímítà 10 mẹ́rin, ríǹgì ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20. Ó gba rọ́ọ̀dù ogún àti àpò sìmẹ́ńtì 15. A kò fi ohunkóhun rọ́pò òkúta níbí.

Ara àmùrè yìí la ti ri àyọkù rọ́ọ̀dù sínú kọnkéré níbi tí gbogbo igi òrùlé máa jókòó sí, kí a lè tẹ̀ ẹ́ yí igi ká. Òrùlé ilé ìwé ìgbèríko tí ìjì ń gbé lọ, ìṣó nìkan ló so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ògiri.

Òrùlé àti àjà

Gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò sì rí fèrèsé wọlé. Ìjì àkọ́rọ̀ máa ń ti ìlà oòrùn wá, òjò tó ń tẹ̀ lé e ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ máa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá. Ìdí nìyẹn tí òrùlé fi dà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; òrùlé tó dà sí ìhà méjì nìkan á fi ògiri méjì sílẹ̀ fún òjò. Páànù yọ ní mítà 1 kọjá ògiri ní ìhà mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.8 wà ní gúúsù. Skúéà mítà 200 ni páànù tuntun. Páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà kò padà sórí yàrá. A fi tó dára nínú rẹ̀ bo ilé ìkóhun-sí.

Igi òpèpè àti ìrókò láti ara òrùlé àtijọ́ ṣì le. A yọ ìṣó, a gé orí tí ikán ti jẹ, a fi àáké kan gbogbo igi láti gbọ́ ohùn rẹ̀: èyí tó bá dún bí agbè òfìfo kò wọlé. Ohun kan wà tí a kò tún lò rárá, àjà asbestos. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé àtijọ́ ló ní in. Kí ẹnikẹ́ni má fi ayùn gé e, má fọ́ ọ, má sì fi ṣe ògiri ilé ìdáná. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi la fi rin ín, a yọ ọ́ ní odindi, a fi láílọ́ọ̀nù wé e kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga.

Ayàwòrán ilé Diébédo Francis Kéré gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí àjà ní ilé ìwé Gando ní Burkina Faso, èyí tó parí ní ọdún 2001, kí afẹ́fẹ́ lè gbé ooru jáde láàárín méjèèjì. A mú èrò yẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni Gando. Níbí, òjò ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Àyè tí a fi sílẹ̀ láàárín àmùrè kọnkéré àti páànù kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, àwọ̀n wáyà sì dí i. Láìsí àwọ̀n, àdán á gba àjà láàárín ọdún kan, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì bà á jẹ́.

Àjà jẹ́ ọparun tí a là tẹ́. Skúéà mítà 96 gba ọparun 80 tó ti pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ kún fún oje dídùn tí kòkòrò fẹ́ràn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la gé e. Ọparun tí a kò tọ́jú, kòkòrò á lu ú di ìyẹ̀fun sórí àwọn ọmọ kí ọdún méjì tó pé. Lítà omi 100, bórákìsì kìlógíráàmù 3, bóríìkì ásíìdì kìlógíráàmù 2, nínú kòtò tí a tẹ́ tapólínì sí. Ọparun tí a ti là wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje, òkúta lórí rẹ̀ kó má bàa léfòó. Odindi ọparun, tí a fi ṣe òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, gba ọjọ́ 14, a sì ti fi rọ́ọ̀dù gígùn lu gbogbo oríkèé rẹ̀ kọjá kí omi oògùn lè dénú. Kòtò náà ní ọgbà tó yí i ká, a kò sì da omi rẹ̀ sí odò. Ọ̀wọ́ ọparun kejì la fi lo omi oògùn náà tán. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó lórí kọnkéré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, kò fara kan ilẹ̀. Ìṣó a máa la ọparun, nítorí náà dírílì ni kó ṣáájú, bóòtù ni kó tẹ̀ lé e.

Ohun àlòkù

Èèpo ẹkùrọ́ pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ẹkùrọ́. A fi rọ́pò ìdajì òkúta nínú kọnkéré ilẹ̀ yàrá, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 7.5. Kí a fọ epo ara rẹ̀ kúrò, kí a rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, nítorí èèpo gbígbẹ á fa omi kúrò nínú kọnkéré, ojú ilẹ̀ á sì máa rẹ̀. A tún tẹ́ èèpo yìí ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60 sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yí ilé ká. Òjò tó bá já lé e kì í ta padà sára ògiri bíi ti ilẹ̀ gbígbá.

Táyà àlòkù ló ń dá ilẹ̀ tó dà lẹ́yìn ilé dúró. A fi yẹ̀pẹ̀ kún un ní ìpele-ìpele, a fi òlù gbá a dénú etí rẹ̀. Táyà tí àyè ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á gba omi, ẹ̀fọn á sì bí síbẹ̀. Rọ́bà omi 1.5 lítà tí iyanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀ la fi mọ ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a sì rẹ́ kí oòrùn má bàa jẹ rọ́bà náà. Iyanrìn tútù kò dára, ó máa ń sún kì, rọ́bà á wá rọ̀. A kò gbé òrùlé lé irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Òjò mìlímítà 10 lórí páànù skúéà mítà 200 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2,000. Táǹkì oníke 1,000 lítà tí ilé iṣẹ́ ń tà ní Ṣàgámù ló ń gbà á, méjì. Èyí tó bá ti gba kẹ́míkà rí kò wọ ilé ìwé. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ fi lébẹ́ẹ̀lì hàn pé oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Rírẹ́ àti ìtọ́jú

Apá òkè tí kò ní sìmẹ́ńtì, yẹ̀pẹ̀ tó kúnná ìwọ̀n kan, iyanrìn ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ màlúù ìdajì ìwọ̀n, tí a ti pò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, la fi rẹ́ ẹ. Inú yàrá gba ẹfun lórí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn dé ìjókòó àárín. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ńtì rẹ́ apá òkè yìí láti mú un “dára sí i”. Sìmẹ́ńtì kì í bá yẹ̀pẹ̀ sún kì pọ̀. Á là, omi á gba ojú lílà wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, odindi ojú ògiri á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Lóṣù Èrèlé, kí àkọ́rọ̀ tó dé: kó ewé kúrò lójú gọ́tà, wo etí páànù, wá ojú ọ̀nà ikán lára ìpìlẹ̀ kí o gbá a dànù, fi èèpo ẹkùrọ́ kún ibi tó ti wọlẹ̀, dí ibi tí ògiri ti ya. Igba búlọ́ọ̀kù ló ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún àtúnṣe, ìdajì alásìmẹ́ńtì, ìdajì láìní, lórí pákó nílé ìkóhun-sí. Àpò yẹ̀pẹ̀ jíjọ̀ mẹ́wàá láti inú kòtò kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Yẹ̀pẹ̀ ibòmíràn kì í sún kì bákan náà, àtúnṣe tí a bá fi ṣe máa ń já kúrò.